Ẹni Kẹwàá ní Ẹbu Àpèkẹ́

Àpèkẹ́ kì í fẹ́ràn ẹni tó ń pọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́nu kí ó tó sọ ọ́. Nígbà tí Fàlílù, akọ̀wé kóòtù ní Ọ̀tà, dé ẹbu epo rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tó ń kí i ní àkíìkítán, ńṣe ló dá a lẹ́nu dúró.

"Fàlílù, èwo lo bá wá? Ẹyìn mi wà lórí iná."

Fàlílù rẹ́rìn-ín, ó yọ ìwé lápò. Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ìjọba ò sì jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìmú òfin tuntun wá. Ti ọdún yìí, àwọn tó gba èèyàn síṣẹ́ ló kàn.

"Ìyá Elépo, ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin yìí mú. A ó kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ bàbá wọn, ìlú wọn, àti ẹni tí ẹ máa sanwó fún bí iṣẹ́ bá pa wọ́n. Ìwé náà á lọ sí ìlú oníkálukú kí baálẹ̀ ibẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta láti wá ka orí. Ẹni tó bá purọ́, wọ́n á ti ẹbu rẹ̀ pa."

"Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án ńkọ́?"

"Òfin ò kàn yín nìyẹn."

"Mẹ́wàá ni wọ́n. Jókòó, kí o máa kọ."

Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jáde sábẹ́ igi mángòrò. Obìnrin mẹ́fà tó ń ṣa ẹyìn, tó ń sè é, tó sì ń gún un, àti ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n sọ ọ́ di eré.

"Bàdírù, ta ni ká sanwó fún bí o bá kú?" Fàlílù béèrè.

"Ẹ san án fún ìyàwó mi kékeré. Ìyálé ti gba tirẹ̀ lára mi láàyè."

"Ìyálé rẹ á gbọ́ o!" ni Àdìzát sọ, tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́.

"Kí ó gbọ́! Ṣebí n ó ti kú nígbà náà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Rùfáì, tó dàgbà jù láàárín wọn, fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló kan Láwàlì.

"Orúkọ?"

"Láwàlì."

"Orúkọ bàbá?"

Láwàlì yí ojú sí ẹ̀rọ ìfúnpo.

"Ìlú?"

"Ibi tí mo ti wá."

Fàlílù gbójú sókè. "Ọ̀gbẹ́ni, mi ò bá ọ ṣeré. Ta ni ká sanwó fún bí iṣẹ́ bá pa ọ́?"

Láwàlì rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́ta tó ti wà nínú ẹbu yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ẹ̀rín náà rọra jáde bí atẹ́gùn tó ń gba inú ìkòkò òfìfo.

"Ìyẹn ti kọjá," ó wí. Ó sì padà sídìí ìfúnpo.

Kò sẹ́ni tó tún ṣàwàdà mọ́. Fàlílù fi àyè ẹni kẹwàá sílẹ̀ lófìfo, ó ní òun ń padà bọ̀.

Ọwọ́ Láwàlì ni ẹbu náà ti ń jẹ. Nínú ọyẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Àpèkẹ́ jí, tó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfúnpo, tí ọkùnrin náà ní òun ń wá iṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló máa ń ti ọ̀pá irin ìfúnpo kí ó tó yí. Láwàlì nìkan ń tì í, tòun ti ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò ní ọmọńdinrín, ìka tó kéré jù. Òógùn kì í yọ lára rẹ̀. Nínú ẹbu tí eṣinṣin pọ̀ ju èèyàn lọ, eṣinṣin kan kì í bà lé e. Àpèkẹ́ rí gbogbo ìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan, torí epo ń jáde. Ẹni tí nǹkan ń ṣe ẹnuure fún kì í bi í ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ìwé fẹ́ ìdí. Ó pe Bàdírù sí kọ̀rọ̀.

"Níbo lo rò pé Láwàlì ti wá?"

"Ohùn ẹnu rẹ̀, ohùn Ìlaròó ni. Ẹ̀yin náà ò ṣàkíyèsí ni? Tí lọ́rì Ìlaròó bá ti dúró láti ra epo, igbó ló máa ń wọ̀. Á dúró síbẹ̀ títí wọn ó fi lọ."

Ní ọjọ́rú, Àpèkẹ́ wọ lọ́rì náà. Kò lọ́ ọ̀rọ̀ po nígbà tó dé Ìlaròó. Ó béèrè ilé ọkùnrin kan tó mọ epo fún, tí kò ní ọmọńdinrín ní ọwọ́ òsì. Àwọn tó bi léèrè wo ara wọn, wọ́n fi ilé kan hàn án, wọn ò sì tẹ̀ lé e débẹ̀.

Obìnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun ẹní. Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Àpèkẹ́ sọ ohun tó bá wá. Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹní.

"Ọmọ mi ni. Sírájúdéènì lorúkọ tí a sọ ọ́. Igi ló wó pa á níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà mọ́tò. Agbaṣẹ́ṣe tó gbà á síṣẹ́ kó ṣòkòtò rẹ̀ fún mi, ó ní kí n gba kádàrá. Kò fún mi ní nǹkan mìíràn, kò sì sí òfin tó ní kí ó fún mi. Ọdún mẹ́rin nìyí. Ẹ̀yìnkùlé níbí la sin ín sí."

Àpèkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fàtímọ̀ ò sunkún. Ó kàn béèrè, "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹ."

"Àkúdàáyà ni. A ti ń gbọ́ pé wọ́n rí i níbòmíràn. Má mú mi débẹ̀. Bí ẹni tó mọ òótọ́ bá pè é ní orúkọ tí a sọ ọ́, yóò lọ, mi ò sì mọ ibi tí yóò gbà lọ. Bí ìwé yín bá dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, àwọn ará ilé wa á wá a wá. Ìyá Elépo, mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí ó wà níbìkan."

Nínú lọ́rì, Àpèkẹ́ ń rò ó. Bí ó bá kọ òtítọ́, Láwàlì á lọ. Bí ó bá purọ́, wọ́n á ti ẹbu. Ó kù ọ̀nà kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó san owó iṣẹ́ Bàdírù fún un, ó ní kó má padà wá.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pé mẹ́wàá."

"Ẹ wá rí i pé èmi ló pọ̀ jù? Èmi tí mo lọ́mọ mẹ́rin? Ẹ lé Láwàlì, tí kò ní ẹnì kankan!"

"Láwàlì ń dúró."

Bàdírù wò ó títí. Ó ti gbọ́ ibi tó lọ lọ́jọ́rú, àti ohun tó gbọ́ níbẹ̀. "Ìyá Elépo, ẹ lé alààyè, ẹ mú òkú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ owó epo náà tán." Ó bọ́ síta, kò dúró dágbére.

Ọjọ́ Ajé pé. Ọ̀gá náà dé, ọkùnrin dúdú ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Wọ́n tò sábẹ́ igi mángòrò. Láwàlì dúró láàárín Àdìzát àti Rùfáì. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé orí Àdìzát, ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sórí Rùfáì tààrà. Kò yà sí àárín.

"Mẹ́jọ," ó wí. "Akọ̀wé, ṣé o ní mẹ́wàá?"

Fàlílù ti la ẹnu. Ó wo àárín Àdìzát àti Rùfáì, ó nu ojú, ó tún wò ó. Ó pa ẹnu dé.

"Mo lé ọ̀kan," Àpèkẹ́ wí.

"Ọ̀kan péré?"

Ọ̀gá ní òfin ò kàn án, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà gún Àpèkẹ́ nínú: ká ní ó fi Bàdírù sílẹ̀, mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà ì bá kà. Ó ti lé baba ọlọ́mọ mẹ́rin dànù lásán.

Òun nìkan kọ́ ló rí i pé ìka ọ̀gá fo Láwàlì. Àdìzát rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láwàlì. Ó kó ọmọ odó rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó sáré, kò sì sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, iná ti ń jó lábẹ́ àgbá, wọ́n ti gún ẹyìn, epo ti kún garawa mẹ́ta. Láwàlì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Wọn ò wá," ó wí.

"Wọn ò ní wá."

"Ẹ lọ sí Ìlaròó."

"Mo lọ."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ara ìyá mi le?"

"Ó le. Ó bi mí bóyá o ń jẹun."

Láwàlì gbá ọ̀pá irin mú, ó ń tì í. "Ẹ má pè wọ́n padà. Èmi nìkan tó. N ó máa sè é, n ó máa gún un, n ó máa fún un. Mi ò ní gbowó. Kì í rẹ̀ mí. Òfin kankan ò kàn mí, ẹ̀yin náà rí i lánàá. Ẹ kàn má fi orúkọ tí wọ́n sọ mí pè mí. Iṣẹ́ ò tíì sú mi, Ìyá Elépo."

Àpèkẹ́ wo garawa mẹ́ta náà. Ẹni tó bá ní kò wù ú, irọ́ ló pa. Ilé tí yóò fi páànù bò wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, lọ́rì wà níbẹ̀, ọjọ́ ogbó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbọ́ bí ẹbu ṣe dákẹ́ rọ́rọ́, láìsí Àdìzát, láìsí ikọ́ Rùfáì, tí irin nìkan ń dún. Ó ro ọmọ mẹ́rin ilé Bàdírù. Ó tún ro Fàtímọ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì dùn ún ju ìwọ̀nyí lọ, síbẹ̀ kò lè máa fi òkú ṣẹrú títí ayé.

"Darí jì mí," ó wí. "Sírájúdéènì."

Ọkùnrin náà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ "Ẹ̀ẹ́n." Kò jẹ́ ẹ. Ọ̀pá irin yí ìlàjì sí i, ó dúró. Kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀.

Àpèkẹ́ jókòó títí oòrùn fi gùn. Nígbà tó dìde, ilé Bàdírù ní Ojú Ọrẹ ló gbà lọ. Kò tan ara rẹ̀, kò tan ọkùnrin náà. Ó ní, "Mo ṣe ọ́ ní àìdáa. Ó ti lọ. Padà wá, kí o bá mi pe àwọn yòókù."

"Kí ó má di pé ẹ tún rí òkú mìíràn o."

"Wá ẹnì kan mọ́ wọn, kí ẹ pé mẹ́wàá. N ó ní kí Fàlílù wá kọ yín."

"Ẹ̀yin tí ẹ lé mi kí a má baà pé mẹ́wàá?"

"Bí iṣẹ́ bá pa ọ́, ṣé kí n gbé ṣòkòtò rẹ fún ìyàwó rẹ kí n ní kó gba kádàrá? Wá ẹni náà. Ẹni tó ní ilé tí a mọ̀."

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Bàdírù gbé àyà lé ọ̀pá irin, ó tì í. Kò yí. Ó pe Rùfáì mọ́ra, kò yí. Nígbà tí wọ́n di mẹ́ta ni irin tó dún, tí epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.