Ẹnì Kan Péré

Inú ń bí Ìyá Òṣùwọ̀n, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dán díráífù wò, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tínínrín tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ìyá Òṣùwọ̀n ló ń wọn bí wọ́n ṣe ń yára dáhùn tó, ibẹ̀ lorúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Lọ́sàn-án yìí, àwọn tó ń gba ìpè fún ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń bọ̀ wá kó tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ní kó buwọ́ lù ú pé ó dáa.

“Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan! Nígbà tó ṣófo lẹ wọ̀n ọ́n. Ta ni kò mọ eré sá nígbà tí kò ru ẹrù? Mo rọ nǹkan kún un, mo ní kó máa kọ, kó máa kà, ló bá ń dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ìpíndọ́gba àkókò tó fi ń dáhùn ńkọ́?”

“Ìpíndọ́gba dáa.”

“Ó parí! Ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ló máa dúró díẹ̀. Ìyàwó, o ti le jù.”

Háà! Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin! Àfi bíi pé ẹni yẹn ò ní ìyá.

“Ẹ dárúkọ ẹni náà fún mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kàn ló mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Díráífù tó ṣì ń kọ, tó ṣì ń kà yẹn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì gbogbo ará ìlú tí àwọn olùgbàpè kó wá fún ìdánwò. Nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ ló tẹ̀, ìyá arúgbó tó ń dá gbé, tí àyà sì máa ń há mọ́. Àdírẹ́sì ìyá jáde kíá.

“O rí i?” Ó tún un tẹ̀. Kíá. “Ìwọ àti àròyé!” Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Kò jáde.

Nǹkan róbótó kékeré kan ń yí lójú ẹ̀rọ. “Á jáde báyìí,” Ẹ̀gbọ́n wí. Ó ṣì ń yí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbá tábìlì, ó tún gbá a.

“Dá ìdánwò yẹn dúró! Mo ní kó o dá a dúró!”

Ìyá Òṣùwọ̀n kò mira.

“Kí n dá kí ni dúró? Màmá ló ń pè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù. Ṣebí ẹnì kan péré ni wọ́n.”