Ọjọ́ Tí Wọ́n Lọ Gba Mọ́tò Nílé Iṣẹ́ Tó Ṣe É

Ìyá Ìbejì ò fẹ́ lọ rárá. Aránṣọ ni, aṣọ àwọn oníbàárà sì kún orí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí lèèyàn ń wá lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ẹni tó tà á fún wọn wà ní òpópónà kejì, tó sì ti ní òun á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ rẹ̀ lára. Tíṣà ìṣirò ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, mọ́tò tuntun àkọ́kọ́ tó máa ní láyé rẹ̀ sì nìyí. Ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé pé ẹni tó bá wá gba mọ́tò fúnra rẹ̀ máa rí bí wọ́n ṣe ń tò ó, á jẹun ọ̀sán, á sì wà á lórí pápá ìdánwò wọn kó tó gbé e lọ sílé.

"Ọ̀fẹ́ ni o, Ìyá Ìbejì! Wọ́n á tún bọ́ wa yó."

"Ẹ̀yin lọ̀fẹ́ ń pa bí ọtí, Bàbá Ìbejì. Ta ló máa bá mi ránṣọ?"

Wọ́n ṣáà lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyàwó tí kò fẹ́ wá ló kọ́kọ́ lanu tí kò lè pa á dé. Apá irin gìrìwò-gìrìwò ń gbé ilẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni gbé àwo, kò sí èèyàn kankan nítòsí. Níbi tí wọ́n ti ń rán ìjókòó, ó fọwọ́ tọ ojú rírán náà títí, ó fà á, kò já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí aṣọ dúdú lórí mọ́tò tiwọn. Búlúù ni, ó ń dán gbinrin. Bàbá Ìbejì yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ojú bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwakọ̀ ló mú wọn dé pápá. Ó jókòó ti Bàbá Ìbejì níwájú, Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn. Wọ́n ti to kóònù rọ́bà pupa sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà, kí ó gba àárín wọn kọjá.

Gbì! Kóònù kan ṣubú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Gbì! Òmíràn tún lọ. Bàbá ní ara òun ò tíì mọ mọ́tò ni. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, ọ̀dọ́bìnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Apá òsì ni gbogbo wọn, kò fọwọ́ kan ẹyọ kan lápá ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó ní kí Bàbá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó máa wo iwájú gangan. Ó wá dúró sí apá òsì rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. "Ìka mélòó nìyí, sà?"

"Ìka wo?"

Ọwọ́ náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí etí rẹ̀. Ìyá Ìbejì, tóun náà ti sọ̀kalẹ̀, rí i kedere láti ibi tó dúró sí. Ó rò pé ọkọ òun ń ṣeré.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mi ò rí ìka kankan," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹnu sì ya òun náà. "Ojú yìí ò dùn mí rí."

Ìyá Ìbejì fara ti mọ́tò tuntun. Àwọn ife tó máa ń dà nù lórí tábìlì, èjìká tó ń gbá férémù ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ ló ti pè ní àìfarabalẹ̀ ọkùnrin. Láràárọ̀ sì ni ọkùnrin yìí ń fi mọ́tò àtijọ́ wọn gbé àwọn ọmọ-ọmọ wọn méjèèjì lọ síléèwé! Ọ̀dọ́bìnrin náà gbá Ìyá Ìbejì mú.

"Bí bàbá tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wa mọ́tò yìí délé."

Ìyá Ìbejì ló wà á délé.

Dókítà ojú ní àìsàn kan ni, tó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá láìdunni. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọ̀tún. Ẹ̀kán oògùn lójoojúmọ́ lè dá a dúró.

"Ta ló rán yín wá?" ó bi wọ́n.

"Àwọn tó ṣe mọ́tò wa ni."

Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tó yá, aládùúgbò kan tóun náà fẹ́ ra mọ́tò bi Ìyá Ìbejì bóyá ìrìn àjò náà tọ́ sí wàhálà rẹ̀.

"Oúnjẹ wọn ò dùn," ó ní. "Ọ̀nà jìn, ọ̀rọ̀ wọn sì pọ̀. Ẹ lọ. Àtẹ̀yin àtọkọ yín, ẹ jọ lọ."

Obìnrin náà fẹ́ bèèrè ìdí, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ti ń pè láti yàrá, orí rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ó ń dúró de oògùn ojú rẹ̀.