Bí Salimat Ṣe Mú Ọkọ Rẹ̀ Dé Orí Odò Guangzhou

Nígbà tí Salimat sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ mú bàbá wọn lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Ilé rẹ̀ ní Riverdale, ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo wọn wà lọ́jọ́ Àìkú náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán. Teslim, àkọ́bí, tó jẹ́ ọ̀gá ní warehouse kan ní McDonough, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sórí fóònù rẹ̀. Samirah, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàbá rẹ̀ tó jókòó sínú àga onítáyà lẹ́bàá fèrèsé, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ìyá òun ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Salimat kò gbàgbé. Ta ni yóò gbàgbé irú ẹ̀? Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ọkọ rẹ̀, Alhaji Sùlèímọ́nù, ń wọ bàtà kí ó lè lọ kírun ní mọ́sálásí, àfi bó ṣe wó lulẹ̀ bí igi tí wọ́n gé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e mọ́, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlá ra aṣọ àti bàtà ránṣẹ́ sí Èkó láti Guangzhou, tó ń fi èdè mẹ́rin ná ọjà, wá di ẹni tó ń nàka sí ife omi bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ohun tó dun Salimat jù ni pé ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ńṣe ló kàn ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá.

Fídíò kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ tó ṣì ń ṣòwò ní Guangzhou, Déolú, ló fi ránṣẹ́ sí Salimat. Nínú fídíò náà, odò tóóró kan ń ṣàn gba àárín ilé gogoro kọjá. Omi rẹ̀ mọ́, igi eléwé tútù ṣíji bò ó lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ onígi pẹlẹbẹ kan sì ń rọra lọ lórí rẹ̀ tòun tàwọn èrò tó ń ya fọ́tò. Salimat kò tètè dá ibẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó rí afárá olókùúta kan tó ní ojú mẹ́ta ló tó dá a mọ̀. Odò ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Àwọn ọmọ kò mọ odò yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá Salimat ní Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí kí gbogbo ẹbí tó pàdé ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí tọkọtaya náà ń gbé ibẹ̀, omi yẹn dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n tú nínú mọ́tò. Ìdọ̀tí ilé, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́, òkú adìẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Bí oòrùn bá mú, wọn kì í ṣí fèrèsé. Salimat a fi ìbòrí di imú kí ó tó jáde lọ sá aṣọ. Sùlèímọ́nù nìkan ló máa ń dúró létí rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. A máa sọ pé odò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, èèyàn ló ṣẹ odò, pé lọ́jọ́ kan wọn yóò tún un ṣe, òun yóò sì gbé ìyàwó òun sínú ọkọ̀ lórí omi yìí láti fi gbafẹ́. Salimat a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ẹni tó bá já sínú omi yẹn, awọ ara rẹ̀ kò ní bá a jáde.

Ó gbé fídíò náà síwájú ọkọ rẹ̀. Sùlèímọ́nù wò ó, ó tún un wò, ó wò ó títí bátìrì fóònù fi tán. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó fi ọwọ́ òsì lu àyà ara rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré.

"Lọ."

Fún ọdún méjì, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju oúnjẹ àti omi. Salimat mú ọ̀rọ̀ kan yẹn, ó dì í mú gírígírí.

Àwíjàre pọ̀ lẹ́nu Samirah, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Ìrìn àjò náà ju ogún wákàtí lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sí bàbá lẹ́sẹ̀ nínú bàlúù. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró sójú kan bí àga.

"Mummy, it's not safe," ni ó wí. "Tí Daddy bá ṣubú sínú omi ńkọ́?"

"Bó bá ṣubú, a ó gbé e dìde," ni Salimat dá a lóhùn. "Ṣé kì í ṣubú nínú ilé yìí ni?"

Wọ́n lọ bá dókítà. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, pé ó lè wọ bàlúù bí wọ́n bá ń gbé e dìde nídìí àga lóòrèkóòrè. Ní ti ọkọ̀ ojú omi, ó ní àfi bó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin láìsí àga, nítorí pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ kì í gba àga onítáyà. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, Sùlèímọ́nù kò gbé ju ìgbésẹ̀ méjì lọ rí.

Ilé àwọn arúgbó kan ní Forest Park ni Salimat ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìlera dìde láìpa ẹ̀yìn ara wọn lára. Ó pààrọ̀ shift rẹ̀ kí àárọ̀ lè ṣófo fún un. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsúbáà, yóò mú ọkọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì, yóò fi okùn àmùrè fífẹ̀ kan so ó mọ́ ara rẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan. Ìsinmi. Ìgbésẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ kẹta, ó sì wó lé Salimat lórí, àwọn méjèèjì ṣubú lu àpótí irinṣẹ́. Ojúgun Salimat wú fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n tún wà nínú gáréèjì.

Teslim wá kí wọn lówùúrọ̀ Sátidé kan, ó bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé pákó fífẹ̀ kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó tò ó sórí táyà àlòkù mẹ́rin, tí èèyàn bá gùn ún, a máa mì bí ọkọ̀ lórí omi. Ó ní orí ilẹ̀ tó dúró sójú kan kọ́ ni wọ́n ń lọ, ohun tó ń mì ni kí wọ́n fi kọ́ ẹsẹ̀.

Ìgbà tí oṣù kẹrin pé, wọ́n lọ sí adágún odò kan nítòsí Jonesboro, níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Teslim di ọkọ̀ mú. Sùlèímọ́nù gbé ìgbésẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó gbé ìkẹta. Ní ìkẹrin, ọkọ̀ yẹ̀, òun àti Salimat sì já sínú omi gbàmù. Omi náà kò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí rẹ̀ sáré wá. Samirah, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè láti wá wò wọ́n, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó sáré dé etí omi, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú omi, fìlà rẹ̀ ń léfòó lọ, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín náà sì ń jáde látinú ikùn bíi ti ìgbà tó ṣì ń ṣòwò. Salimat, tí ìbòrí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú, bẹ̀rẹ̀ sí í rín in pẹ̀lú rẹ̀. Samirah bọ́ bàtà. Òun náà ló wọ inú omi, tó gbé bàbá rẹ̀ dìde. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó pe ìyá rẹ̀ pé òun ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, pé bí wọ́n bá máa lọ, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

Kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn ìyẹn, Sùlèímọ́nù gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí pákó Teslim láìṣubú. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni òun, Salimat àti Samirah gúnlẹ̀ sí Guangzhou. Wọ́n sinmi fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta wọ́n lọ sí èbúté. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wo àga onítáyà, ó mi orí. Samirah ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì tún mi orí. Ìlà èrò ti gùn lẹ́yìn wọn. Samirah rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti gbìyànjú, kí wọ́n máa padà.

Salimat kò yẹsẹ̀. Ó fa díẹ̀ tó kù nínú èdè Ṣáínà tó fi ń ná ọjà nígbà kan yọ, ó sì sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé àga kọ́ ló fẹ́ wọ ọkọ̀, ọkọ òun ni, kí àga dúró sétí odò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń wò ó nígbà tí obìnrin àgbàlagbà tó ń tukọ̀ bi Salimat pé níbo ló ti gbọ́ èdè àwọn. Salimat nàka sí afárá olókùúta náà, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé àwọn wà fún ọdún mọ́kànlá, nígbà tí omi yìí ń rùn.

Obìnrin náà wo Sùlèímọ́nù láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun náà rántí òórùn yẹn. Ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Salimat so àmùrè. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ òsì Sùlèímọ́nù bọ́ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì mì. Ó dúró. Kò kánjú, ó jẹ́ kí mímì náà tán gẹ́gẹ́ bí pákó orí táyà ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó sì jókòó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Èrò kàn wọlé tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ sì gbéra.

Lékèélékèé kan dúró sórí òkúta láàárín omi. Wọ́n gba abẹ́ afárá kọjá, Sùlèímọ́nù sì na ọrùn láti wo ilé wọn. Ilé kò sí níbẹ̀. Ọgbà òdòdó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àga òkúta. Salimat wá ilé télọ̀ tó máa ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, kò rí i. Kò mọ ibi tí wọ́n kó gbogbo àwọn aládùúgbò yẹn lọ, èdè Ṣáínà tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò sì tó láti fi bi obìnrin tó ń tukọ̀. Ó yíjú, ó rí i pé omijé ń ṣàn lójú ọkọ rẹ̀. Kò nù ún fún un. Ó jókòó sún mọ́ ọn.

Sùlèímọ́nù na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, ó tì í bọ inú odò, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tí omi ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.

"Ó mọ́," ni ó wí. "Salimat. Ó... ó mọ́."

"Mo rí i, Bàbá Teslim. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, èmi ni mi ò gbà."

Nígbà tí wọ́n padà dé èbúté, ọ̀dọ́mọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì náà sáré wá láti gbé e. Sùlèímọ́nù fi ọwọ́ tó tutù dá a dúró, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó jókòó sínú àga rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Samirah tẹríba láti yẹ ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wò. Sùlèímọ́nù gba ọwọ́ ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ni ó wí.

Samirah wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì lọ tò sórí ìlà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, àárín àwọn méjèèjì ló jókòó sí. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ ọgbà òdòdó náà, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè pé ibo gan-an ni fèrèsé wọn wà. Sùlèímọ́nù nàka sókè, sí ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́ àfi ojú ọ̀run, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tó tẹ̀ lé èkejì. Salimat mọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò bá a parí rẹ̀.