Ẹni Tó Ni Lefèvre

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ Àjàṣẹ́, ọmọ arọkọ́ fólóko! Jókòó dáadáa kí n parí orí rẹ."

Ọláfúnkẹ́ ló ń ki ọmọ rẹ̀, Fèyísọ́lá, níbi tó ti ń dirun fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọjà Porta Palazzo ní Torino. Adélaní, ọkọ rẹ̀, gbé ata wọlé láti ọjà, ó gbọ́ oríkì náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Papà, maestra, olùkọ́ wa, ní kí kálukú wá sọ ìtumọ̀ cognome rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀, lọ́la. Mo ti wá tiwa. Èdè Faransé ni Lefèvre, alágbẹ̀dẹ ló túmọ̀ sí. Allora è vero, òótọ́ ni oríkì wa!"

Ọláfúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Fèyí, òyìnbó pàápàá mọ ilé yín! Ẹ sọ fún un bí àwọn fadá Faransé ní Àjàṣẹ́ ṣe sọ baba ńlá yín ní Lefèvre nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Dùnsìn Lefèvre, ọmọ Àjàṣẹ́ tí òun àti Adélaní jọ rìnrìn àjò, ló sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ yẹn fún un nínú aṣálẹ̀. Dùnsìn ló ń ki ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, títí ohùn rẹ̀ fi pa, tó sì kú, tí ìwé rẹ̀ kù sọ́wọ́ Adélaní. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá bi Adélaní lórúkọ, ìwé Dùnsìn ló nà sí wọn, torí ó ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá padà. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyàwó rẹ̀ béèrè oríkì ilé rẹ̀. Kò lè ki ti Ìkirè, ìlú rẹ̀, ló bá ki ti òkú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pe Lefèvre níbi iṣẹ́, ó máa ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ń dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn lè bọ́ ẹ̀wù tó jí, ta ló ń bọ́ orúkọ? Ọmọ rẹ̀ ló sì fẹ́ lọ dúró síwájú kíláàsì lọ́la, kó jẹ́ ẹ.

"Ọláfúnkẹ́, má kì í mọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi kọ́ ni mo ni í. Ẹni tó ni orúkọ yẹn ti kú sínú òkun. Ọmọ Ìkirè ni mí. Adélaní ni orúkọ mi."

Ìyàrun bọ́ lọ́wọ́ Ọláfúnkẹ́. "Soggiorno wa, ìwé ìgbélùú wa, ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?"

Adélaní gbé ata sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

"Ìyá ẹni tó ni orúkọ náà ńkọ́?" Fèyísọ́lá béèrè. "Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú?"

Adélaní jókòó. Ọmọ Àjàṣẹ́ kan ní ìlú Padova ti fún un ní nọ́ńbà ìyá Dùnsìn tipẹ́. Ìyá yẹn ti gbọ́ pé Lefèvre kan ń ṣiṣẹ́ ní Torino. Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ni, pé ó rí ṣe, ó sì pa òun tì.

Adélaní yọ fóònù, ó pe nọ́ńbà náà. Ọláfúnkẹ́ na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ó tún fà á sẹ́yìn. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún.

"Dùnsìn?" ni ohùn obìnrin àgbà kan wí. "Dùnsìn, ṣé ìwọ ni?"

"Rárá, mà," ni ó wí. "Adélaní ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí."