Ohùn Bàbá Tó Wà Láàárín Orin

Orin kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ẹ̀gbọ́n, obìnrin aránṣọ, tó gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń ṣẹ́ létí.

"Àbúrò, ìgbà wo ni Bàbá máa sọ̀rọ̀?"

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó lórí àga oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń retí ìyìn. Òun ló to àkójọ orin náà sínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀: gbogbo orin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí olóògbé bàbá wọn fi sílẹ̀, orin ìjọ, orin ijó onígìtá, orin fèrè àwọn ṣọ́jà, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ti ayé àtijọ́ àti ti ìgbà èwe àwọn méjèèjì.

"Bàbá wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ wá gbọ́! Bàbá mélòó la ní?"

Iṣẹ́ tí àbúrò ń ṣe jẹun ni orin títò. Ní ilé iṣẹ́ rédíò, òun ló ń pinnu orin tó máa tẹ̀lé orin, Aláàtò ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Á mú orin tí àwọn bàbá àgbà jó sí, á so ó mọ́ tàwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, olùgbọ́ kò sì ní mọ ìgbà tí òun ré odò kọjá. Ohun tí kò lè fara dà ni ohunkóhun tí kì í ṣe orin: ikọ́ akọrin, ìró ìlẹ̀kùn, àlàfo láàárín orin méjì. Obìnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan níbi iṣẹ́ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí: "Aláàtò, ká ní ìwọ lo dá èèyàn ni, àyè èémí ì bá má sí láyà wa."

Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ kà á sí oríyìn.

Bàbá wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Télọ̀ ni, òun ló sì ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n ń lò báyìí. Á gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú rédíò lórí tábìlì ìgéṣọ, á ní kí gbogbo èèyàn panu mọ́, òun fúnra rẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀. Bí orin kan bá parí, kó tó pa ẹ̀rọ, á sọ ìdí tó fi gbà á tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà bà jẹ́, ó kó wọn fún àbúrò rẹ̀: "Bá mi kó wọn sínú fóònù, kí n lè máa rí Bàbá gbọ́."

Àbúrò gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ìmọ̀ tí Bàbá fi yan orin ni Bàbá, ìyókù sì jẹ́ pàǹtírí.

"Mo gé e kúrò," ni ó wí níkẹyìn. "Kò mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìró máṣíìnì wà níbẹ̀, Bàbá ń sọ̀rọ̀ lé ìparí orin..."

"Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Àbúrò sọ ẹsẹ̀ tó gbé lé èkejì kalẹ̀.

"Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Ebu funfun ti bò wọ́n. Mo dà wọ́n nù. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó wọn lọ."

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó bọ́ òrùka ìránṣọ kúrò níka, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá bọ́ sílẹ̀ á fọ́. Ìwọ ò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́. O fọwọ́ ara rẹ fọ́ ọ ni. Orin wọ̀nyí, rédíò yín ń lù wọ́n. Ta ló ń bá mi fi Bàbá sórí afẹ́fẹ́?"

Àbúrò sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ Bàbá tó gé kúrò. Kò rí nǹkan kan. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí ni. Ohun tó bá ti gé, kì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé ojú ló fi ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe etí. Lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí ìró ti ń hàn bí ìlà, orin máa ń ga bí òkè, ọ̀rọ̀ ẹnu a sì kéré bíi koríko lẹ́sẹ̀ òkè. Ó kàn ń ro koríko lọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi sọ èyí tẹ́ ẹ bá rántí, ẹ̀gbọ́n mi. Màá fi í sáàyè rẹ̀."

"Kí n wá di Bàbá? Pẹ̀lú ohùn mi tó dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó súnmọ́ ẹ̀rọ. Ó mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin. "Ẹ gbọ́ ìlù yìí, ẹsẹ̀ ìyá yín nìyẹn tó bá ń bínú bọ̀." Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, títí wọ́n fi dé orí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ tó ń rán lé itan. Kò mú ohùn rẹ̀ ki mọ́.

"Níbí, Bàbá ní, 'Èyí ni ti àbúrò rẹ. Ìgbà tí kò rí oorun sùn, òun ni mo ń kọ fún un. Tó bá dàgbà, jẹ́ kó gbọ́ ọ.'"

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. Kò mọ̀ bóyá ó ń tù ú nínú ni, àbí ó ń fìyà jẹ ẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni Bàbá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èmi lò ń bi?" Ẹ̀gbọ́n fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Ìwọ lo gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Àbúrò la ẹnu láti sọ pé òun kò gbọ́ ọ, pé òun kàn rí i lójú kọ̀ǹpútà ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà.