Inú Dádì Dùn Ṣìnkìn

Rìnsọ́lá ti ka gbólóhùn náà sókè tán kí ó tó yé e pé ilé òun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Inú dádì mi dùn ṣìnkìn nígbà tí anti kan pè é nínú mọ́tò."

Àwọn ọmọ kíláàsì pàtẹ́wọ́. Gbogbo Sátidé ni ó ń kọ́ wọn ní Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bertrams, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ àṣetiléwá wọn sì ni kí wọ́n fi "ṣìnkìn" ṣe gbólóhùn. Ó ti là á yé wọn pé ayọ̀ tó dé lójijì, tí kò ṣe é pa mọ́ra, ni à ń lò ó fún. Ògoolúwa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ tirẹ̀ gan-an, ló kọ èyí.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì yára pa ìwé náà dé.

Nígbà tí robot, iná ojú pópó, dá wọn dúró lọ́nà ilé, ó bi í pé, "Ògo, anti wo ló pe dádì?"

"I don't know, Mummy. But he was so happy, he even hit the hooter! He said I mustn't tell you yet."

Ó ti tó oṣù méjì tí Akíntúndé ti ń gba fóònù lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tí kì í fá irùngbọ̀n nílé ti ń fá a, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra. Rìnsọ́lá kò bèèrè, ẹ̀rù ló ń bà á. Èéfín ni ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ọmọ ẹni ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé?

Akíntúndé ń dín dòdò nígbà tí wọ́n wọlé. Rìnsọ́lá ní kí ọmọ lọ pààrọ̀ aṣọ, ó sì ṣí ìwé náà síwájú ọkọ rẹ̀.

"Dádì Ògo, ta ni anti yìí?"

Ó kà á, ó pa iná gáàsì. "Kì í ṣe ohun tí o ń rò o."

"Kí ni mò ń rò?"

"Yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ló gbà mí síṣẹ́. Akọ̀wé wọn ló pè. Láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà." Ojú rẹ̀ ń dán. "À ń padà sílé, Rìnsọ́! Mo ti ní mo gbà."

Ìfura kúrò láyà Rìnsọ́lá, ohun tó wúwo jù ú lọ sì jókòó síbẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àwọn oníṣirò ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Fourways, lẹ́yìn ọdún méje níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un, Akíntúndé ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè láti sọ fún.

Ó mú báírò pupa. Gbólóhùn ọmọ náà kò ní àṣìṣe kankan, ó sì fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó ti fóònù sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ pe anti yẹn padà," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Ẹ sọ fún un pé ẹ níyàwó, ẹ kò sì tíì bi í bóyá òun náà gbà."