Ìdí La Fi Ń Wọ Ọkọ̀

Omi ti fà, ọkọ̀ afẹ́ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò kiri àwọn erékùṣù kò lè dé èbúté. Jessica tó ń darí wọn ní kí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ apẹja kan, kí àwọn àgbà máa wòran.

"Kí n máa wo kí ni?" Màmá Mọ́ṣádé ti dìde. "Torí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé erékùṣù yìí, tí kò lè rìn mọ́, ni mo ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde wá. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo rí i kẹ́yìn!"

"Ẹ má bínú, Màmá, ọkọ̀ yẹn ò lè gbé yín."

"Èmi ni mo jẹ gbogbo ẹ̀bà yìí, èmi náà ni màá gbé e sọ̀kalẹ̀."

Ó fẹsẹ̀ kan tẹ ọkọ̀ apẹja náà. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ó yára fa ẹsẹ̀ padà, ó bú sẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ọdún nílùú ti jẹ́ kó gbàgbé ohun tí ìyá wọn kọ́ wọn: ọmọ olómi kì í dúró wọ ọkọ̀. Ó jókòó sí etí ọkọ̀ afẹ́, ó kẹ̀yìn sódò, ó sì rọra sọ ìdí kalẹ̀ sínú ọkọ̀ apẹja bí ẹni tó ń sọ àpò gàrí kalẹ̀. Ọkọ̀ rì díẹ̀, ó sì dúró.

Láti orí àga létí omi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ayọ̀fẹ́ ké sí i: "Mọ́ṣádé, ìdí rẹ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀!"